Ojú-Ìwé Tí Mi Ò Rí Àkọlé Fún

Màmá mi, àyànfẹ́ mi,

Ẹ kú ilé o. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń kí ilé kẹ́ ẹ tó wọlé, bí kò tilẹ̀ sẹ́nì kankan nínú ẹ̀. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó kí àga àti ògiri, ẹ ó wá bọ́ bàtà yín, ẹ ó sì yí ẹnu bàtà náà síta. Mo bi yín nígbà kan ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe é, ẹ kàn rẹ́rìn-ín. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ìdí kan tiẹ̀ wà. Ṣé ó wà?

Ìlarò ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú yàrá tẹ́ ẹ mọ̀, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi ọsàn onílé. Òjò ń rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Èmi àti ọkọ mi oníná ṣì wà pa pọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ kọ̀ǹpútà mi lórúkọ yẹn nígbà tẹ́ ẹ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tẹ́ ẹ rí i pé mo jí sí i, mo jẹun níwájú ẹ̀, mo tún fẹ́ sùn tì í. Ẹ ní kí n sáà bá yín bi í bóyá ó máa wá kí àwọn àna rẹ̀ ní Igbógìlà. Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ. Báyìí, bí mo bá ti ń tàn án láàárọ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, nígbà míì ẹkún á sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà.

Ìròyìn tó kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni pé àbúrò mi ti gbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yín tó ń sá fún gbogbo obìnrin yẹn. Ọmọ Ajílété ni ìyàwó, ó mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́, ó sì lẹ́nu díẹ̀. Inú ilé wa ní Igbógìlà náà ni wọ́n ń gbé. Ó ti ń lọ bá àwọn obìnrin yín ṣe gààrí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn án.

Ẹ rántí Ó Kàn Ọ́, ètò orí fóònù tó ń pe ìlà, tí mo gbé wá fún ẹgbẹ́ onígààrí yín. Ẹ ò gbà gbọ́ rí pé kò lọ́gàá. Mo ṣàlàyé títí pé àwa tá à ń ṣe é wà káàkiri ayé, pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣí inú ẹ̀ wò, kó tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe, kó sì mú un lọ lò lọ́fẹ̀ẹ́, pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú kan ara wa rí. Ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ wá bi mí pé tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ta lẹ máa lọ bá. Mo ní èmi ni. Ẹ ní kí ló dé tí mi ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.

Mo ṣì ń rántí bí nǹkan ṣe rí kí fóònù tó dé. Ẹ́ńjìnnì ìlọ-ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀yin àti Ìyá Táyé, ọ̀rẹ́ yín, kó àwọn obìnrin jọ láti rà, òun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò. Abọ́ lẹ fi máa ń gba ìlà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á gbé abọ́ rẹ̀ lọ síwájú ẹ́ńjìnnì, ẹlòmíì á gbé tirẹ̀ sí i lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan á ti sún abọ́ ẹnì kan sẹ́yìn, ariwo á sì ta. Èmi ni mo máa ń ṣọ́ abọ́ yín, èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n lẹ̀ nídìí. Mo máa ń jókòó lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà rí i sún. Ẹ ó dé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ lórí, ẹ ó bá mi tí mo ti sùn lọ sínú abọ́, ẹ ó sì gbé èmi àti abọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn ẹ̀gẹ́ tútù ṣì ń gbé mi padà síbẹ̀.

Nígbà tí Ó Kàn Ọ́ dé, abọ́ sinmi. A kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ sínú fóònù kan tí wọ́n fi há ara òpó lábẹ́ àtíbàbà páànù tí ẹ́ńjìnnì wà. Bí àsìkò ẹnì kan bá tó, fóònù á dún, á gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin ni a kọ́kọ́ kọ sí i, Ìyá Àgọ́ṣáṣá, torí orúkọ ìlú tí wọ́n ti fẹ́ yín wá náà ni gbogbo Igbógìlà fi ń pè yín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè yín, ẹ dá a lóhùn. Ẹ ní, "Mo ti ń bọ̀ o, má pariwo." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín títí Ìyá Táyé fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Iṣẹ́ tèmi nínú ètò náà ni ìwé ìlànà rẹ̀. Kì í ṣe ìwé tí wọ́n dì, inú fóònù náà ló wà, ojú-ìwé lórí ojú-ìwé, tó ń sọ fún èèyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó àti ohun tó yẹ kó ṣe bí nǹkan bá dojú rú. Èmi ni mo ń tò ó, èmi ni mo sì ń fún ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lákọlé. Ẹni bá gbọ́ ọ á ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Àmọ́ bí mo ṣe bá ìwé náà, Màmá, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí. Bí àwọn tó ṣe ètò náà ṣe ń ṣe é ni wọ́n ṣe tò ó, apá yìí, apá tọ̀hún. Àkọlé kan ń jẹ́ Ìṣètò Ìpìlẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Ìṣàkóso Ìlà, Apá Kejì. Obìnrin tó ti bó ẹ̀gẹ́ tán, tí oòrùn ń pa á, tí fóònù ò dá a lóhùn, kí ló fẹ́ wá dé Apá Kejì? Ìdáhùn tó ń wá wà níbẹ̀ o, wọ́n kọ ọ́ dáadáa pàápàá. Kò kàn sí bó ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà.

Wọ́n ní kí n tún gbogbo rẹ̀ tò, kí n sì yí àkọlé rẹ̀ padà. Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa yín lójoojúmọ́, torí mi ò tíì rí ẹni tó mọ orúkọ sọ tó yín. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn ìyàwó míì á kàn mú Ìbàdíàrán fún ẹnì kan, wọ́n á mú Awẹ́lẹ́wà fún ẹlòmíì, ó parí. Ẹ̀yin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ wo gbogbo agboolé kẹ́ ẹ tó lanu. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tó jẹ́ pé kò sígbà tí ọbẹ̀ bá kúrò lórí iná tí kò ní í yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ire. Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin, tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú, ẹ pè é ní Ìròyìn Ayọ̀. Èyí tó ń tètè jí jù nínú wọn, ẹ pè é ní Ṣílẹ̀kùn. Ọmọdébìnrin kan wà nílé nígbà náà tó ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, Olóhùn-Iyọ̀ lẹ sọ ọ́. Gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ yìí tayọ̀tayọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mú yín pé ẹ bú òun. Mo ti tó ọmọ iléèwé kí n tó mọ̀ pé wọn ò sọ ẹnikẹ́ni ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ire níbi ìkómọ.

Mo jowú wọn. Mi ò sọ fún yín rí. Orúkọ tẹ́ ẹ sọ mí nìkan lẹ fi ń pè mí, torí ọmọ yín ni mí, mi ò ṣáájú yín dé ilé náà. Mo máa ń dúró níwájú díńgí tí mo máa ń ronú ohun tẹ́ ẹ ò bá pè mí ká ní mo ti wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dé. Kí lẹ ò bá pè mí, Màmá?

Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ àkọlé dé ọwọ́ mi, mo ní màá ṣe é bíi tiyín. Mo sọ gbogbo ojú-ìwé lórúkọ. Èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi iná sínú fóònù, mo pè é ní Oúnjẹ Àárọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sínú ẹ̀, mo pè é ní Ìyàwó Dé. Èyí tó wà fún ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sá lọ, mo pè é ní Àlejò Òjijì. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń ṣe mí bíi pé ẹ wà lẹ́yìn mi tẹ́ ẹ ń wò ó.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan ní Kétu, níkọjá bọ́dà, fi kọ̀wé sí mi. Òun ló ń yí ìwé wa sí Faransé fún àwọn tó ń lò ó níbẹ̀. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó kọ ọ́ pé, "Bọ̀ǹjúù, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí Oúnjẹ Àárọ̀, mo rò pé ẹ̀ ń pè mí wá jẹun ni. Mo ṣí i, iná fóònù ni mo bá. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni màá ṣe sọ ọ́ fún àwọn tèmi?" Ojú tì mí, àmọ́ mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní kò mọ nǹkan tó dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rántí àlejò kan tó wá ẹ̀gbọ́n Bàbá mi wá láti Ayétòrò, tí ẹ̀yin ń tọ́ka fún un pé kó lọ bá Ẹlẹ́sẹ̀-Ire lábẹ́ igi. Ọkùnrin náà yí gbogbo agboolé ká, kò mọ̀ pé ẹni tó ń wá náà ni, torí orúkọ àbísọ ló wà nínú ìwé tó mú dání. Àwa tá a wà nínú ilé nìkan ni orúkọ yín yé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí ìyọnu rẹ̀ wà lórí ẹ̀, ni àkọlé wà fún. Ó dùn mí láti pa gbogbo orúkọ náà rẹ́, mo sì pa wọ́n rẹ́.

Mo wá lọ sí Igbógìlà, mo jókòó sábẹ́ páànù láàárín àwọn obìnrin yín bí mo ṣe máa ń jókòó nígbà tí mo wà ní kékeré. Mi ò béèrè ohunkóhun. Mo kàn ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ sí fóònù náà bó bá ti mú wọn bínú, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fi ṣe àkọlé. Fóònù Ò Dún Nígbà Tó Kàn Mí. Wọ́n Fo Ìlà Mi. Ẹ́ńjìnnì Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́. Mo Fẹ́ Gba Ìlà Fún Ẹlòmíì. Mi ò tò ó ní apá-apá mọ́. Bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe ń lọ ni mo ṣe tò ó, láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí fóònù láàárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá bo ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan nínú wa lókè òkun ní irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ò bójú mu, pé ó jọ ẹjọ́. Mo ní ẹjọ́ náà ni. Ọkùnrin Kétu gbè mí lẹ́yìn, ó ní èyí ò lè ṣòro láti sọ ní èdè kankan. Wọ́n gbà.

Ojú-ìwé kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí mi ò rí nǹkan ṣe sí. Àkọlé tí mo bá lórí rẹ̀ ni Yíyọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Kúrò. Mo máa ń ṣí i, màá wò ó, màá tún pa á dé, màá lọ bu omi mu. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ lọ, kò sẹ́ni tó yọ orúkọ yín kúrò nínú fóònù ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ ẹ̀gẹ́, bí àsìkò yín bá ti tó, fóònù á dún, á gbé e jáde: Ó kan Ìyá Àgọ́ṣáṣá. Ìyá Táyé á dìde, á pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo wọn á jókòó jẹ́ẹ́ títí àsìkò náà á fi kọjá tí fóònù á pe ẹlòmíì, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Ọjọ́ tí mo lọ jókòó tì wọ́n yẹn, mo ti kúrò kó tó kàn yín.

Ìyàwó àbúrò mi ò mọ̀ yín, Màmá. Àwòrán yín tó wà ní pálọ̀ nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán láti àárọ̀, ó ti ń dúdú, oòrùn sì mú. Fóònù pe orúkọ yín, ó rí i pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ dúró lásán, ló bá gbé abọ́ rẹ̀ wá, ó dà á sí i. Ìyá Táyé fò dìde. Ó pa ẹ́ńjìnnì tòun ti ẹ̀gẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àyè àgbà ní ilé tiyín nìyẹn?" Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó tuntun lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyàwó kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jáde, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó gba ilé lọ.

Kò padà wá. Àwọn ìyàwó kéékèèké yòókù tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì kan wà lójú ọ̀nà Ayétòrò tí kì í dúró, pé níbẹ̀, alààyè nìkan ló ń tò. Ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àbúrò mi ló pè mí, ẹ̀rù sì bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ ń ra epo dísù, àwọn náà ló jọ ń san ti mẹkáníìkì. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá lọ, àwọn ìyá arúgbó ò lè dá ẹ́ńjìnnì náà gbé. Wọ́n á tà á ni. Ohun tí ẹ̀yin àti Ìyá Táyé fi gbogbo ara kọ́ máa tú ká, lórí orúkọ yín.

Mo pe Ìyá Táyé. Mo bi í pé ṣé kò rí i nínú ìwé ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti kú. Ẹ mọ̀ pé ó mọ Yorùbá kà dáadáa. Ó ní, "Mo rí i. Mo rí Yíyọ Ọmọ Ẹgbẹ́ Kúrò níbẹ̀, mo pa á dé. Kí ló ṣe tí mo fi máa yọ ọ́? Ṣé ó jalè ni?" Èmi tí mò ń yí gbogbo àkọlé padà, òun gan-an ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo gba Igbógìlà lọ. Mo bẹ tibí, mo bẹ tọ̀hún, títí gbogbo wọn fi gbà láti pàdé lábẹ́ páànù. Àwọn ìyá jókòó sápá kan, àwọn ìyàwó dúró sápá kejì, ẹ́ńjìnnì wà láàárín. Ìyá Táyé tú gèlè rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀," ó ní. "Látìgbà tó ti lọ, tí n bá délé, ọmọ-ọmọ ń ké, tibí ń pè mí, tọ̀hún ń pè mí, mi ò ráàyè ro nǹkan kan. Ìgbà tí fóònù bá pe orúkọ ẹ̀ yìí, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń ráàyè. Màá sọ bí ọjà ṣe rí fún un. Màá sọ ẹni tó bímọ. Ṣé ìyẹn náà ló wá dìjà?"

Ìyàwó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo wo àyè yẹn, mo rò pé ó ṣófo ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń jókòó pẹ̀lú èèyàn níbẹ̀."

Mo yíjú sí ìta bíi pé mò ń wo òjò, òjò ò sì rọ̀. Ìyá Táyé ní kó dìde, kó má fi ẹrẹ̀ ba aṣọ jẹ́. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan. Mo ní bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin ibòmíì, ní Kétu tàbí ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n wá gbé fóònù, kí ni wọ́n á máa wá? Wọ́n ronú. Ìyá Táyé ní wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó máa gba àyè ẹ̀. Ìyàwó ní, "Àti pé ṣé orúkọ ẹ̀ máa parẹ́." Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. Àkọlé tí mo ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn: Ẹni Wa Kan Ti Kú, Ta Ló Máa Gba Àyè Rẹ̀, Ṣé Orúkọ Rẹ̀ Máa Parẹ́? Àwọn tòkè òkun ní ó gùn jù. Mo ní mi ò gé e. Mi ò tíì bá wọn jà lé ohunkóhun bí mo ṣe jà lé èyí.

Nígbà yẹn, ètò náà kò mọ ohun méjì ju kó pa orúkọ rẹ́ pátápátá. Ọkùnrin Kétu tún inú rẹ̀ ṣe. Ó kọ̀wé sí mi pé ìyá òun náà kú lọ́dún tó kọjá, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí, bí ẹnì kan bá kú, orúkọ rẹ̀ á wà níbi tí orúkọ àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wà, ìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n á gbé fún ẹlòmíì. Mo fi ìdáhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé náà: Orúkọ rẹ̀ kò ní í parẹ́. Ibi tí màá tò ó sí ló tún wá dààmú mi. Mo ti fi ọjọ́ iṣẹ́ to gbogbo ìwé, mi ò sì mọ ibi tí ikú wà nínú ọjọ́ iṣẹ́. Mo gbé e síbí, mo gbé e sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé kan tó ń jẹ́ Ẹnì Kan Ò Wá Lónìí. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé ètò tuntun náà lọ sí Igbógìlà. Àwọn ìyàwó ti padà, abọ́ wọn kún abẹ́ páànù. Ìyá Táyé fúnra rẹ̀ ló ṣí ojú-ìwé náà, tó ń kà á sókè, tó ń tẹ ohun tó ní kó tẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó máa gba àyè yín, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Orúkọ ìyàwó àbúrò mi ló mú. Fóònù wá béèrè: Ṣé ó dá ọ lójú? Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó wá na fóònù náà sí mi. Ó ní, "Ìwọ lọmọ ẹ̀. Ìwọ ni kó o dá a lóhùn."

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni.

Nígbà tí àsìkò yín tó, fóònù dún. Orúkọ ìyàwó ló gbé jáde. Ẹ́ńjìnnì ò dákẹ́. Ìyá Táyé ti dìde láti lọ pa á, ó rántí, ó dúró sójú kan, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ó lọ bá ìyàwó di abọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì jọ da ẹ̀gẹ́ sí i. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò sì mọ̀ bóyá ìyàwó ló ń bá sọ ọ́ tàbí ẹ̀yin.

Èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé ẹni tó bá dá lójú nìkan ni kó tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni. Mo tẹ̀ ẹ́, Màmá. Kò dá mi lójú. Kò tíì dá mi lójú dòní.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.